Kí Ẹ Tó Kọ Lẹ́tà, Ẹ Béèrè Ta Ló Ni Gọ́tà

Láti ọdún 1991 ni mo ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ lẹ́tà ní Iléṣà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Àtákúmọ̀sà. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, tí gbogbo ẹni tí fáìlì rẹ̀ há sí Ìbàdàn ń wá ẹni tí yóò bá a kọ̀wé pé kí wọ́n gbé e wá sí Òṣogbo. Iṣẹ́ yẹn ló sọ mí di Ìyá Tàípù. Ẹ̀rọ Olympia ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi, lẹ́tà "a" rẹ̀ kò gbéra mọ́. Kọ̀ǹpútà ni mo ń lò báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà mi ń bá wá kò yí padà. Wọn á jókòó, wọn á nu òógùn ojú, wọn á ní, "Ìyá Tàípù, ẹ bá mi kọ ọ́ sí ìjọba." Èmi á ní, "Ìjọba wo?" Wọn á wò mí bí ìgbà tí mo béèrè pé oòrùn wo ló yọ lónìí.

N kò lè bá wọn wí. Èmi náà ti jẹ ìyà àìbéèrè rí. Ní ọdún 2009, gọ́tà àdúgbò wa wó. Òjò kan ṣoṣo ni, omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ wa, ó gbé léèsì funfun oníyàwó kan lọ nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin. Inú bí mi. Mo kọ lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta, mo fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Abuja, nítorí mo rò pé ibi tí agbára bá pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ ti ń yá jù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi retí èsì. Èsì dé, ìlà méjì péré: gọ́tà àdúgbò kì í ṣe iṣẹ́ àwọn. Mo gbé e lọ sí Òṣogbo, Òṣogbo ní kí n padà sí káńsù. Ní káńsù, ọmọkùnrin akọ̀wé kan tó ní sùúrù tẹ̀lé mi wá wo ibẹ̀. Ó tẹ̀lé ojú àgbàrá náà lọ sókè, ó ń lọ, ó ń lọ, títí a fi dé etí títì ńlá. Ó fi ẹnu bàtà rẹ̀ tọ́ka sí kọ́fátì, ihò omi tí wọ́n kọ́ sábẹ́ títì náà. Ó ní, "Màmá, gọ́tà yín, tiwa ni. Ṣùgbọ́n omi tó ń wó o, abẹ́ títì ìjọba àpapọ̀ ló ti ń bọ̀. Bí a bá tún tiwa ṣe lónìí, òjò ọ̀la á tún gbé e lọ."

Mo dúró sínú oòrùn níbẹ̀. Kò sí ẹni tó parọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ òótọ́. Èmi ni mi ò mọ ohun tó yẹ kí n bi wọ́n.

Ohun tó yẹ kí n bi wọ́n ni mo ń kọ́ yín yìí. Mẹ́ta ni. Ta ló ń ṣòfin nǹkan yìí? Ta ló ń fọwọ́ ṣe é? Àpò ta ni owó rẹ̀ ti ń jáde? Bí ẹ bá rò pé ìdáhùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń ní, ẹ wo iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí yín. Òfin ètò ẹ̀kọ́ kárí-ayé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀. Àjọ ti ìpínlẹ̀ tó wà ní Òṣogbo ló ń gba tíṣà, òun náà ló ń gbé tíṣà láti iléèwé kan sí òmíràn. Owó oṣù tíṣà náà sì wá láti ara owó tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé nípa òrùlé iléèwé tó ṣí, tó sì kọ ọ́ sí mínísítà, òǹtẹ̀ ìfìwéránṣẹ́ ló fi owó rẹ̀ rà.

Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí

Inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ̀dà tèmi ti ya lẹ́yìn, sẹ́lótéèpù ni mo fi so ó pọ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́, oorun á gbé yín lọ. Ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn, ẹ wá àtẹ kejì.

Ohun tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni àwọn nǹkan tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. 68 ni nígbà tí wọ́n kọ ìwé náà, kí wọ́n tó yọ díẹ̀ kúrò ní 2023: ológun, owó náírà, ìwé ìrìnnà, aṣọ́bodè, bàǹkì, ọkọ̀ òfuurufú, epo rọ̀bì àti ohun àlùmọ́ọ́nì, ọlọ́pàá, ìgbéyàwó ti kóòtù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n pàápàá wà níbẹ̀. Kóńgò tí wọ́n ti lù wọnú nísàlẹ̀ kí gààrí má baà pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Abuja ni lójú òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún tí mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yìí, n kò rí ará Abuja tó wá wọn kóńgò ẹnikẹ́ni. Ní tèmi o, nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àkójọ àjọni. Ìjọba àpapọ̀ lè ṣòfin sí i, ìpínlẹ̀ náà lè ṣe. Bí òfin méjì bá forí gbárí, abala kẹrin ìwé òfin náà sọ pé ti àpapọ̀ ló lékè. Yunifásítì wà nínú èyí, ẹ kò sì ní láti rìn jìnnà kí ẹ tó rí i. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló dá yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní 1961. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní 1975, wọ́n sì fi orúkọ Awólọ́wọ̀ pè é ní 1987. Yunifásítì tó wà ní Iléṣà níbí, ti ìpínlẹ̀ ni. Ọmọ ìyá méjì lè wà, ọ̀kan ní Ifẹ̀, ọ̀kan níbí, kí owó iléèwé àwọn méjèèjì gbówó lórí lọ́sẹ̀ kan náà. Lẹ́tà méjì ni ìyá wọn máa kọ, kì í ṣe ọ̀kan. Bákan náà ni ilé ìwòsàn. Wesley Guild wà lábẹ́ ilé ìwòsàn yunifásítì Ifẹ̀, ti àpapọ̀ ni. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ẹ kọjá sí káńsù.

Ẹ̀kẹta ló máa ń ṣòro fún àwọn oníbàárà mi láti gbà. Ohun tí wọn kò bá kọ sínú àkójọ méjèèjì, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ẹ má wá orúkọ rẹ̀ kiri nínú ìwé. Àìsí rẹ̀ níbẹ̀ ni ẹ̀rí. Oyè jíjẹ wà nínú èyí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọwọ́ gómìnà ni Ọwá Obòkun ti ń gba ọ̀pá àṣẹ, kì í ṣe ọwọ́ ààrẹ. Ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ náà wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ilé ẹjọ́ sì dá a ní 2003 pé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú ṣíṣe. Lótò náà di ti ìpínlẹ̀ báyẹn: ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan náà fagi lé òfin lótò tí ilé aṣòfin àpapọ̀ ti ṣe láti 2005. Ẹni tó ní kíóósì tẹ́tẹ́ nídojúkọ mi rò pé wọ́n ti fòfin de lótò pátápátá, ó ti kó àga rẹ̀ wọlé. Mo ní kó gbé e padà síta. Ọ̀gá rẹ̀ ló yí padà.

Kì í ṣe pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín in láti ilẹ̀ wá. Láti 1954 tí ẹkùn ti ní agbára tirẹ̀, nǹkan púpọ̀ ni wọ́n ń ṣe láìbéèrè lọ́wọ́ Èkó. Ìyá mi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó wọ iléèwé ọ̀fẹ́ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ó máa ń fi hàn wá bí wọ́n ṣe ní kí ó fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó ọmọ iléèwé. Ológun dé ní 1966, wọ́n gé ẹkùn sí ìpínlẹ̀ 12 ní 1967, ìpínlẹ̀ ń pọ̀ sí i, agbára ń gòkè lọ. A ti di 36 báyìí.

Ẹni tó tín-ín-rín jù

Bàbá kan wá bá mi láti ìhà Ìperíndó, àgbẹ̀ kòkó. Àwọn ọmọkùnrin kan ti wọ ẹ̀bá odò oko rẹ̀, wọ́n ń wa ilẹ̀, wọ́n ń fi páànù ṣẹ́ wúrà. Ìhà ibẹ̀ yẹn ni ibi ìwakùsà Ṣẹ́gilọlá wà, tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wúrà láti 2021, ṣùgbọ́n àwọn tó wọ oko bàbá yìí kò ní ìwé ilé-iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Bàbá fẹ́ kí n kọ̀wé sí gómìnà. Ó ní, "Ilẹ̀ bàbá mi ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀, tèmi ni."

Mo mú ìwé tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo fa ìlà mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Èyí tó wà lókè yìí, igi kòkó ni. Tiyín ni, ẹ̀yin lẹ gbìn ín." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Èyí tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1978 tí ìjọba ológun ti gbé òfin ilẹ̀ jáde, ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ó kàn ń bá gbogbo wa tọ́jú rẹ̀ ni. Ilẹ̀ oko bíi tiyín, káńsù lè fún ènìyàn níwèé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ti ìgboro, Òṣogbo ni." Ó dákẹ́. "Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, wúrà ni. Abala 44 nínú ìwé òfin ní ti ìjọba àpapọ̀ ni, níbikíbi tó bá wù kó wà. Bí gómìnà fúnra rẹ̀ bá fẹ́ wa wúrà lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀, Abuja ló ti máa gba ìwé àṣẹ."

Ó wo ìlà mẹ́ta náà pẹ́. Ó ní, "Ìyá Tàípù, nínú gbogbo èyí, èmi ni mo tín-ín-rín jù."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè kì í ṣe ẹni tí kò ní nǹkan. Òfin ìwakùsà ti 2007 sọ pé ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ san owó ohun ọ̀gbìn tó bà jẹ́ fún olóko, ó sì gbọ́dọ̀ bá ìlú tó wà níbẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ kan wà lábẹ́ òfin yẹn tí àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ ń bá àwọn òṣìṣẹ́ àpapọ̀ jókòó sí lórí ọ̀rọ̀ ìwakùsà àti àyíká. Nítorí náà, a kò kọ ọ́ sí gómìnà. Ọ̀gá iṣẹ́ ìwakùsà ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣogbo la kọ ọ́ sí, a sì fún ìgbìmọ̀ yẹn àti alága káńsù ní ẹ̀dà. Kí a tó tẹ̀ ẹ́, mo ní kí bàbá padà lọ ka igi tó wó. Ó ka 43, ó fi èédú kọ ọ́ sára páálí Indomie, ó gbé páálí náà wá. Ẹ máa ka nǹkan. "Wọ́n ba oko mi jẹ́" kò tó.

Ọlọ́pàá, iná, àti owó tó há

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kúrú nínú ìwé, ó gùn lójú ayé. Abala 214: ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni gbogbo orílẹ̀-èdè ní. Gómìnà lè pàṣẹ fún kọmíṣánnà ọlọ́pàá lórí ètò ààbò ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n abala 215 fún kọmíṣánnà náà láyè láti ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ààrẹ kó tó ṣe é. Ẹ ro ó wò: ẹni tí ẹ pè ní olórí ààbò ìpínlẹ̀, ìdáhùn tó lè gbà ni "ẹ jẹ́ n béèrè." Ìdí rèé tí àwọn gómìnà gúúsù ìwọ̀-oòrùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi kó Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9, oṣù kìíní, ọdún 2020. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mínísítà ètò ìdájọ́ fi ní kò bófin mu. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì gbà pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣòfin tirẹ̀, Ọ̀ṣun náà ṣe é. Bí olè bá wọlé, ẹ lè pe Àmọ̀tẹ́kùn. Wọn á fa ẹni tí wọ́n bá mú lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Nítorí náà, lẹ́tà tó bá kan ibi tí ẹjọ́ náà dé, orúkọ kọmíṣánnà ọlọ́pàá ló máa wà lókè rẹ̀.

Ti iná mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ pèsè iná fúnra rẹ̀, ibi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò dé nìkan ni wọ́n gbà á láyè. Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tó mú ìdènà yẹn kúrò ní ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 2023. Ọjọ́ yẹn náà ni rélùwéè àti ọgbà ẹ̀wọ̀n bọ́ sínú àkójọ àjọni. Ní oṣù kẹfà, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin iná tuntun. Àwọn aládùúgbò wa ní Èkìtì àti Òǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso iná wọn lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, ní 2024. Bí ìpínlẹ̀ bá ti gbà á, àjọ ti ìpínlẹ̀ náà ni ẹ máa fi ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ apínná sùn. Bí kò bá tíì gbà á, NERC ni. Ṣùgbọ́n níbi yòówù kó jẹ́, ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ilé-iṣẹ́ apínná fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Láìsí nọ́ńbà yẹn, àjọ á dá yín padà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó transfọ́mà, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa dá a ní ọdún kan, olúkúlùkù ilé san. Wọ́n gbé e dé, wọ́n so ó, a jó, a mu mínírà. Ó di ọjọ́ kejì, transfọ́mà ti di ti ẹlòmíràn, a kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ tó fi hàn pé owó wa ni. Bẹ́ẹ̀ ìlànà wà láti 2015 tó gbà kí àdúgbò tó bá náwó sórí iná bá ilé-iṣẹ́ apínná kọ àdéhùn bí wọ́n ṣe máa dá owó náà padà. Kí owó tó jáde ni wọ́n ń kọ ọ́ o. Lẹ́yìn mínírà, ó ti pẹ́ jù.

Bí àwọn ìjọba fúnra wọn bá ń jà ńkọ́? Abala 232 ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ni wọ́n ń gbé e lọ tààrà. Èyí tó máa ń dùn mí sọ jù ni ti 2001. Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè wa, Bọ́lá Ìgè, ni mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pe ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́ papọ̀, nítorí ibi tí ààlà ìpínlẹ̀ etíkun parí sí àti ẹni tó ni owó epo inú òkun. Ọmọ Ọ̀ṣun ló ń pe Ọ̀ṣun lẹ́jọ́. Wọ́n pa á nílé rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 23, oṣù kejìlá, ọdún yẹn. Ìdájọ́ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2002, kò wà láyé gbọ́ ọ.

Owó ìjọba ìbílẹ̀ ni ìjà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Abala 162 ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó kọjá. Ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí omi tó bá gba ilé ẹlòmíràn kọjá. Ní 2004, ààrẹ ìgbà náà dá owó káńsù Èkó dúró, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò ní agbára yẹn. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, wọ́n tún dá a pé kí gómìnà má ṣe di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú mọ́, kí ó máa lọ bá wọn tààrà. Ẹnu ìyẹn la wà nígbà tí owó ìjọba ìbílẹ̀ 30 tó wà ní Ọ̀ṣun há ní 2025, nítorí àríyànjiyàn lórí ta ni alága tòótọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù. N kò ní dá sí ẹni tó jàre. Ohun tó kàn yín ni pé nígbà tí ẹ bá kọ̀wé sí káńsù tí wọ́n sì ní kò sówó, ó lè jẹ́ òótọ́, ìbéèrè kẹta sì ni ẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé: níbo ni owó náà há sí?

Iṣẹ́ káńsù fúnra rẹ̀ wà nínú àtẹ kẹrin: ọjà, ibùdókọ̀, itẹ́ òkú, ilé ìpẹran, ilé ìyàgbẹ́, ìdọ̀tí, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé. Ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọmọlanke wà níbẹ̀. Ajá tó ń rìn kiri náà wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ ọ́

Ẹni kan ṣoṣo ni ẹ kọ ọ́ sí, ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Àwọn tó kù, ẹ̀dà ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ kí olúkúlùkù lè rí i pé ẹnì kejì òun ti gbọ́. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà márùn-ún tó jọra sí ènìyàn márùn-ún, olúkúlùkù á rò pé ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rin tó kù ti ń ṣe é.

Tó bá jẹ́ ọ̀nà, ẹ kọ́kọ́ wádìí irú rẹ̀. Ọ̀nà tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá kéde pé ó jẹ́ ti àpapọ̀ nìkan ni ti àpapọ̀. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, sí Iléṣà, sí Àkúrẹ́ lọ dé Benin, ti àpapọ̀ ni, ilé-iṣẹ́ iṣẹ́ òde ti àpapọ̀ sì ní ọ́fíìsì ní Òṣogbo. Ẹ kò ní láti kọ̀wé sí Abuja bíi tèmi. Ẹ kọ ibi tó bà jẹ́ gan-an, láti ibi báyìí dé ibi báyìí. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Aṣojú-ṣòfin tó wà ní Abuja kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀. Ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Òṣogbo ni ẹ máa lọ bá. Mo mọ̀ pé bóhóòlù tí àwọn ará Abuja máa ń gbẹ́ káàkiri ló ń da ọ̀rọ̀ náà rú. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á kọ orúkọ wọn sára tánkì ní lẹ́tà gàdàgbà. Bí pọ́ọ̀ǹpù bá jóná lọ́dún kejì, ẹ ó rí i pé kò sí nínú ìwé káńsù, kò sí nínú ti ìpínlẹ̀, owó tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ sì ti tán. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i ni kí ẹ béèrè, níwájú onífọ́tò: ta ló máa tún un ṣe?

Ẹ gbé ẹ̀dà tiyín dání lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e pẹ̀lú ọjọ́. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kò kọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ padà lọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wá, òṣómàáló ni àwọn bàbá wa, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n lówó aṣọ títí yóò fi san án. Ẹ lóṣòó. Bí wọn kò bá tún dáhùn, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 wà: ẹ lè béèrè níwèé pé kí wọ́n sọ fún yín ibi tí fáìlì náà dé tàbí iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti pa ìyẹn lẹ́nu mọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó ní ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ìjọba.

Gọ́tà wa ńkọ́? Káńsù tún apá tiwọn ṣe ní 2010, wọ́n fi bíríkì kọ́ ọ dáadáa. Kọ́fátì abẹ́ títì ṣì wà bó ṣe wà. Télọ̀ ti gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga ní búlọ́ọ̀kù méjì, ó sì ń so aṣọ àwọn oníyàwó sókè àjà. Lẹ́tà kẹrin wà lórí kọ̀ǹpútà mi báyìí, mo ti kọ orúkọ ọ̀gá iṣẹ́ òde ti àpapọ̀ ní Òṣogbo sókè rẹ̀, mo ti kọ ẹ̀dà fún káńsù sísàlẹ̀. Òjò ni mo ń dúró dè, kí n lè ya fọ́tò omi náà bó ṣe ń jáde lẹ́nu kọ́fátì.